Láti Ẹnu Akéde dé Ojú Fóònù: Ìtàn Bí Iṣẹ́ Ìlú Ṣe Ń Dé Etí Ará Èkó

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní abèèrè kì í ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí fi hàn pé ọgbọ́n tí ènìyàn fi ń rìn nínú ìlú kò sí nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Ó wà lẹ́nu ẹni tí ó bi léèrè pẹ̀lú. Ìlú lè ní omi, ó lè ní ọ̀nà, ó lè ní ilé ìwòsàn àti ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n bí ará ìlú kò bá mọ̀ pé wọ́n wà, tàbí tí kò mọ bí a ṣe ń dé ìdí wọn, bákan náà ni òun àti ẹni tí ìlú rẹ̀ kò ní wọn rárá. Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ti ń kúrò lórí tábìlì akọ̀wé díẹ̀díẹ̀, tí ó ń bọ́ sínú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní smart city. Nínú pépà yìí, a ó máa pè é ní ìlú afẹ̀rọṣọgbọ́n, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó fi ń ka èrò, tí ó fi ń gba owó ọkọ̀, tí ó sì fi ń dá ẹni tí ó jẹ́ ará ìlú mọ̀.

Ìbéèrè tí pépà yìí dá lé kò le. Báwo ni ará Èkó ṣe ń mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú kan ti dé, báwo ni ó sì ṣe ń sọ ọ́ fún ẹnìkejì? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbéèrè tuntun ni èyí, pé fóònù ni ó bí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èrò wa ni pé ohun mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ ní kí ó tó wọ etí, kí ó sì tó wọ ọkàn: èkíní, èdè tí olùgbọ́ gbọ́, èkejì, ẹni tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀kẹta, àyè fún olùgbọ́ láti béèrè padà. A ó fi ìtàn Èkó hàn pé gbogbo ọ̀nà ìkéde tí ó ti dé ni ó mú ọ̀kan tàbí méjì nínú ohun mẹ́ta yìí lọ́wọ́ dání, tí ó sì jọ̀wọ́ ìyókù, àti pé ènìyàn ni ó máa ń dí àlàfo tí ẹ̀rọ bá fi sílẹ̀.

2. Akéde, omi ẹ̀rọ àti ọ̀ràn Elékòó

Kí ìwé tó dé, akéde ni ẹnu ọba. Bí ààfin bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ìlú sọ, ìbáà ṣe ọjọ́ ọdún, ìbáà ṣe ọ̀nà tí a fẹ́ yẹ̀, ìbáà ṣe èèwọ̀ tí a fẹ́ kí tọmọdé tàgbà pa mọ́, akéde yóò mú agogo, yóò máa lù ú láti àdúgbò dé àdúgbò. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Agogo rẹ̀ ni ó ń pe etí. Orúkọ ọba tí ó ń dá ni ó ń fi ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ hàn. Òun fúnra rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò gbọ́ dáadáa lè dá a dúró, kí ó ní kí ó tún un sọ. Ẹni tí ó gbọ́ nílé ni yóò sọ fún ẹni tí ó ti oko dé. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìdí sì nìyí tí ìkéde fi ní ojú àti ẹnu.

A gbọ́dọ̀ fi èyí wé àrokò. Àrokò jẹ́ ìránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnìkejì: owó ẹyọ tí a sín pọ̀, tàbí ìyẹ́, tàbí ewé, tí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ yóò rí owó ẹyọ, kò ní rí ọ̀rọ̀. Kò sí ọba tí ó jẹ́ fi àrokò kéde fún gbogbo ìlú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀pọ̀ àmì tí ó wà lójú fóònù lónìí, àrokò ni wọ́n jẹ́ fún ẹni tí a kò kọ́ ní ìtumọ̀ wọn.

Ìtàn omi ẹ̀rọ kọ́ wa pé mímọ̀ nípa iṣẹ́ ìlú yàtọ̀ sí gbígbà á. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé àbá omi ẹ̀rọ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ará Èkó tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ nípa omi náà. Wọ́n gbọ́ ju bí ìjọba ti fẹ́ lọ: wọ́n gbọ́ pé àwọn ni yóò san owó rẹ̀, wọ́n sì ní kànga nínú àgbàlá wọn. Èrò wọn ni pé nítorí àwọn òyìnbó ni a ṣe fẹ́ fa omi náà. Ilé-iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1915. Nígbà tí owó omi sì dé ní ọdún 1916, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Ìjọba ti kéde. Ìjọba kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn tí ó fi agbára akéde hàn jù lọ ni ti ọdún 1920. Ní ọdún náà, Herbert Macaulay bá Olóyè Àmódù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ nípa ipò Elékòó bí ìjọba nínú. Ìjọba ní kí ọba sọ ní gbangba pé ọ̀rọ̀ náà kò ti ẹnu òun jáde. Ọba gbà láti fi ìwé sọ ọ́. Ohun tí kò gbà ni pé kí akéde mú agogo, kí ó sì máa ké e káàkiri Èkó. Nítorí èyí, ìjọba yọ ọwọ́ ìdánimọ̀ kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì dá owó tí wọ́n ń san fún un dúró. Ní ọdún 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ó tó padà.

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìwé àti agogo, tí ọba fi lè gba ọ̀kan, tí ó sì kọ èkejì? Ìwé wà fún ìjọba àti àwọn alákọ̀wé. Agogo wà fún ìlú. Ohun tí akéde bá ké, ọba ni ó sọ ọ́, kò sì sí bí yóò ṣe tún un gbé mì. Ìjọba mọ èyí, ọba náà mọ̀ ọ́n. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó ní olúwa wúwo ju ọ̀rọ̀ tí a kàn tẹ̀ jáde lọ.

3. Ìwé ìròyìn àti akọ̀wé-lẹ́tà

Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ó ń jáde, 120 owó ẹyọ sì ni iye rẹ̀. Ète Townsend ni kí àwọn ènìyàn ní àṣà wíwá ìmọ̀ nípa ìwé kíkà. Ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìbí, òkú, àti iye owó òwú wà nínú rẹ̀. Ìwé náà kú ní ọdún 1867, nígbà tí Ìfọ́lé lé àwọn òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n àṣà tí ó dá sílẹ̀ kò kú.

Ní Èkó, Èkó Àkéte bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1922, Elétí-Ọfẹ tẹ̀ lé e ní ọdún 1923, Akéde Èkó ti I. B. Thomas sì dé ní ọdún 1928. Ẹ jẹ́ kí a fi ojú èdè wo àwọn orúkọ wọ̀nyí. Akéde ni ẹni tí ó ń lu agogo. Elétí ọfẹ ni ẹni tí etí rẹ̀ ń ṣọ́ ohun tí ìlú ń sọ. Nígbà tí ó di ọdún 1970, ìwé ìròyìn mìíràn tí ó jáde ní Ìbàdàn gba orúkọ Gbohùngbohùn. Àwọn olóòtú wọ̀nyí mọ̀ pé ohun tuntun ni ìwé, wọ́n sì fi orúkọ ohun àtijọ́ pè é kí ará ìlú lè mọ ibi tí yóò gbé e sí nínú ọkàn rẹ̀. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹ̀dà kan kì í ṣe ti òǹkàwé kan. Ẹni kan ni yóò kà á, àwọn yòókù yóò jókòó gbọ́.

Ẹlòmíràn tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ni akọ̀wé-lẹ́tà. Ẹni tí kò mọ̀wé, tí ó sì ní ẹ̀bẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ. Agbára ńlá ni èyí fi lé e lọ́wọ́, nítorí pé ó mọ àṣírí oníbàárà rẹ̀, ó sì lè kọ ohun tí a kò rán an. Nítorí èyí ni òfin tí ó dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé fi jáde ní ọdún 1915. Òfin yìí pọn ọ́n ní dandan pé kí ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ̀wé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ti ara rẹ̀ sí i. Orúkọ yẹn ni ẹ̀rí pé ohun tí a rán an ni ó kọ, àti pé ó ka ìwé náà fún ẹni tí ó ni ín, ó sì túmọ̀ rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí i. A ó padà sórí òfin yìí.

4. Asọ̀rọ̀mágbèsì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà pín ohùn rédíò kiri ilé ní Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1939. Àpótí kékeré ni, tí a kàn mọ́ ara ògiri. Owó ni a ń san kí wọ́n tó fà á wọlé. Onílé kò lè yan ibùdó mìíràn. Kí ó gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí kí ó pa á ni agbára rẹ̀ mọ. Orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ ọ́ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe àríwísí ẹ̀rọ náà ju bí orúkọ yìí ti ṣe é lọ. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì. Akéde kò rí bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí rédíò bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, pàápàá nígbà tí rédíò alábátìrì gba ìgboro, ó ṣe iṣẹ́ tí ìwé kò lè ṣe. Àpẹẹrẹ méjì yóò tó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, owó wa di náírà àti kọ́bọ̀, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà lẹ́yìn èyí dára fún wa láti kíyè sí. Àwọn ìyá wa gba owó tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n fi ìṣirò ti tẹ́lẹ̀ kà á: kọ́bọ̀ mẹ́wàá ń jẹ́ ṣílè kan, náírà kan ń jẹ́ ṣílè mẹ́wàá, ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnu ọjà ni ó túmọ̀ àṣẹ ìjọba. Rédíò sọ pé owó ti yí. Ọjà ni ó kọ́ ara rẹ̀ bí a ṣe ń ná an.

5. Abẹ́ agboòrùn

Nígbà tí ọdún 2001 bẹ̀rẹ̀, ìlà tẹlifóònù tí ó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni fóònù alágbèéká bọ́ sí ìgboro. Fóònù wọ́n, síìmù wọ́n, ìṣẹ́jú ni wọ́n sì fi ń gba owó. Ọdún 2003 ni sísan owó ní ìṣẹ́jú-àáyá tó wọlé. Ẹni tí kò ní agbára láti ra fóònù yóò lọ sí abẹ́ agboòrùn létí títì, níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan tàbí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti gbé tábìlì kékeré sílẹ̀. Yóò san owó ìpè, wọn yóò bá a tẹ nọ́ńbà, yóò sì sọ̀rọ̀.

A máa ń rò pé òwò lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n abẹ́ agboòrùn yìí ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti kọ́ bí a ṣe ń lo fóònù: bí a ṣe ń fi owó sí i, bí a ṣe ń rán ọ̀rọ̀, bí a ṣe ń mọ iye tí ó kù. Ní ibi kan náà ni àwọn oní-POS wà lónìí, tí wọ́n ń san owó fún ẹni tí báńkì jìnnà sí, tí wọ́n sì ń bá ẹni tí kò mọ̀wé fi owó ránṣẹ́. Akọ̀wé-lẹ́tà kò kú. Ó pààrọ̀ kálàmù ni.

Fóònù dá àyè èsì tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti gbà padà fún wa. Ṣùgbọ́n ó mú ohun mìíràn lọ: olúwa ọ̀rọ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014. Ní oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ti fóònù dé fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, pé òun ni ààbò. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí wa, ẹni wa ni. Nítorí náà a gbà á gbọ́. Ìròyìn jáde pé omi iyọ̀ náà ṣe àwọn kan ní jàǹbá. Ohun tí ó ṣẹ́gun àrùn náà yàtọ̀: àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ bá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn lójúkojú ní Èkó àti Port Harcourt, ní ìgbà tí ó ju 18,000 lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ojú ènìyàn ni ó gba ọ̀rọ̀ padà lọ́wọ́ àhesọ.

6. Èkó di ìlú afẹ̀rọṣọgbọ́n

Àjọ LAMATA, tí ó ń bójú tó ìrìnnà ní agbègbè Èkó, wà láti ọdún 2002. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 dé CMS. Ìwé tíkẹ́ẹ̀tì ni èrò ń rà nígbà náà. Ẹni tí ó bá lè na owó lè wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni káàdì dé. Orúkọ káàdì náà ni Cowry, èyí tí í ṣe owó ẹyọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, káàdì yìí ni èrò fi ń wọlé. Ọ̀nà ìkejì sì ṣí fún èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024. Ó yẹ kí a yin ẹni tí ó sọ káàdì náà lórúkọ, nítorí ó ronú kan owó àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ bá a. Ìyá tí ó mọ owó ẹyọ dáadáa lè di káàdì náà mú kí ó má mọ̀ pé orúkọ owó ẹyọ ni ó wà lára rẹ̀.

Ọ̀ràn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni ó tún fi ojú ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Òfin tí ó dá àjọ ìdánimọ̀ sílẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka nọ́ńbà náà sí títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn so síìmù wọn mọ́ ọn láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àkókò àrùn kòrónà ni. Èrò kún iwájú àwọn ọ́fíìsì. Léraléra ni wọ́n sún ọjọ́ síwájú, títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022, nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà ìpè fún síìmù tí a kò tíì so.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, èmi náà wà lórí ìlà níwájú ọ́fíìsì kan ní Èkó. Ìyá àgbà kan tí ó ń ta èlùbọ́ wà níwájú mi. Ó ní ìgbà kẹta òun nìyẹn. Ó fi ọwọ́ kàn mí, ó ní, “Ọmọ mi, bá mi wo ohun tí wọ́n kọ sára ògiri yìí.” Mo wò ó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo ní, “Ẹ má bínú, Mà. Wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wá.” Ìyá wò mí títí, wọ́n ní, “Ta ló sọ ọ́ fún mi?” N kò rí èsì fọ̀. Lódìkejì títì ni ọmọkùnrin kan ti fi kọ̀ǹpútà àti agboòrùn pàtẹ. Òun ni ó bá wọn ṣe é. Ó gba owó, ó kọ orúkọ ìyá, ọjọ́ ìbí wọn àti nọ́ńbà fóònù wọn sínú ìwé eléwé kan tí orúkọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ti wà. Orúkọ ti ara rẹ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀.

7. Ohun tí ìtàn yìí béèrè lọ́wọ́ wa

Ìbéèrè ìyá náà ni kókó pépà yìí. Wọn kò sọ pé kí ìjọba má lo ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n béèrè ni akéde wọn. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ yóò ṣe é fún irú wọn. Òtítọ́ wà nínú èyí. Bí a ti ń pín ìmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbà ni ọmọ rẹ̀ wà nítòsí, ẹni tí ó bá sì ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn wọ iṣẹ́ ìlú ní ojoojúmọ́ ti fi àṣírí rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Àbá mẹ́ta ni a ní. Èkíní jẹ́ ti èdè. Kò sí àwíjàre mọ́ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwé Èdè Ìperí Yorùbá ti wà láti ọdún 1984, ìwé ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin sì jáde ní ọdún 1991. Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ṣe òfin ní ọdún 2018 láti dáàbò bo èdè Yorùbá. Àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe: bí a bá pè wọ́n, ohùn yóò ní kí a tẹ nọ́ńbà kan fún Yorùbá. Ohùn ni kí ìlú kọ́kọ́ mójú tó, kí ó tó kan lẹ́tà, nítorí pé ọ̀pọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá kò lè kà á.

Èkejì jẹ́ ti olúwa ọ̀rọ̀. Kí ẹni tí ó bá ń bá aláìmọ̀wé lo iṣẹ́ ìlú lórí ẹ̀rọ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì ka ohun tí ó tẹ̀ fún oníbàárà. Òfin ọdún 1915 ti sọ ọ́ nípa ìwé. Òfin ààbò dátà ọdún 2023 sì ti fi ìpìlẹ̀ tuntun lélẹ̀. Kí a so àwọn méjèèjì pọ̀. Kò yẹ kí a lé àwọn ọmọ abẹ́ agboòrùn; ó yẹ kí a kọ́ wọn, kí a sì fún wọn ní àmì tí ará ìlú yóò fi dá wọn mọ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti èsì. Kí àwọn ìyálọ́jà, àwọn olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn lémọ́ọ̀mù àti àwọn àlùfáà ìjọ gbọ́ nípa iṣẹ́ tuntun kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìbéèrè ọjà padà. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1908, bóyá ìjà omi kò bá má le tó bẹ́ẹ̀.

8. Ìkádìí

A ti wo akéde, ìwé ìròyìn, asọ̀rọ̀mágbèsì àti fóònù. A rí i pé akéde ní èdè, ó ní olúwa, ó sì ní àyè èsì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò lè kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé. Ìwé rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò kà á sétí àwọn yòókù. Asọ̀rọ̀mágbèsì wọ ilé, kò sì gbọ́ ohun tí ilé ń sọ. Fóònù ń sọ, ó ń gbọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ láìfi orúkọ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ pátápátá. Wọ́n kàn ń jókòó ti ara wọn ni.

Èṣùgbàyí Elékòó kọ̀ láti lo agogo nítorí ó mọ ohun tí agogo jẹ́ létí ìlú. Àwọn tí ó ń kọ́ ìlú afẹ̀rọṣọgbọ́n sí Èkó lónìí náà ní láti mọ̀ ọ́n. Nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé iṣẹ́ tuntun sórí ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìyá eléèlùbọ́: ta ni yóò sọ ọ́ fún wọn, ní èdè wo, níbo ni wọn yóò sì ti rí ẹni náà bí ọ̀rọ̀ kò bá yé wọn?